Ta Ló Ń Ké, Ọlọ́jà Tàbí Oníbàárà? Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan Ọ̀rọ̀ Àwárí

Abala Ẹ̀kọ́ ló kàn, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnìkan béèrè pé: "Kí ló dé tí ìkànnì oníṣòwò kan fi ń jáde lókè lórí Google, tí ti ẹlòmíràn sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Yorùbá, kó lọ bi olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ wa gan-an ni, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ náà dá lé. Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ lẹṣin òwe. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Lóde òní, bí èèyàn bá ń wá ọjà, ọ̀rọ̀ ló fi ń wá a. Ta ló tún yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yàn ju àwa lọ?

Kí ni ọ̀rọ̀ àwárí?

Ọ̀rọ̀ àwárí ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ sínú àpótí Google, Bing tàbí ẹ̀rọ àwárí mìíràn nígbà tó bá ń wá nǹkan. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó sì lè jẹ́ odindi gbólóhùn. Lọ́dọ̀ ẹni tó ni ìkànnì, òun náà ni ọ̀rọ̀ tó yàn láti fi ṣe àkọlé àti àlàyé ọjà rẹ̀, kí ẹni tó ń wá irú ọjà bẹ́ẹ̀ lè rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Larry Page àti Sergey Brin ló dá ilé iṣẹ́ Google sílẹ̀ ní 1998, lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ wọn ń ṣe. Èkíní, ó ń rìn káàkiri ayélujára, ó ń tẹ̀lé lìǹkì láti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn. Èkejì, ó ń kọ ohun tó rí sínú atọ́ka ńlá kan, gẹ́gẹ́ bí atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé Báyọ́lọ́jì wa: ọ̀rọ̀ báyìí wà ní ojú ewé báyìí. Ẹ̀kẹta, nígbà tí èèyàn bá béèrè nǹkan, inú atọ́ka yẹn ló ń wò, á wá to àwọn ojú ewé tó bá ìbéèrè náà mu. Èyí tó rò pé ó wúlò jù lọ á wà lókè.

Ó ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan kó tó tò wọ́n. Ṣé ohun tó wà lójú ewé bá ìbéèrè mu? Ṣé àwọn ìkànnì mìíràn ń tọ́ka sí i? Ibo ni ẹni tó béèrè wà? Ṣé ojú ewé náà ń yára ṣí lórí fóònù? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé ìkànnì ga o. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bá bá ti oníbàárà mu, ìyókù kò rí ibi dúró sí.

Ìpolówó yàtọ̀ sí àwárí

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. A ti kọ́ ọ nínú lítíréṣọ̀ alohùn pé ẹni tó ń kiri kì í sábà pe ọjà rẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an. Ẹni tó ń kiri àgbàdo sísè lè máa pè é ní láńgbé, kó tún fi oríkì àti àwàdà sí i. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Igbá wà lórí, èéfín ń yọ, òórùn rẹ̀ sì ti dé imú. Oníbàárà ti rí ọjà náà kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ tán.

Lórí Google, nǹkan yí padà. Oníbàárà kò rí igbá, kò sì gbọ́ òórùn kankan. Òun ló kọ́kọ́ lanu. Nínú ìpolówó, ọlọ́jà ló ń ké, oníbàárà ló ń dáhùn. Nínú àwárí, oníbàárà ló ń ké, ọlọ́jà ló ní láti dáhùn. Bí oníbàárà bá ń wá "àgbàdo sísè" tó sì jẹ́ pé "láńgbé aládùn" nìkan ló wà lójú ewé rẹ, ẹ lè kọjá lára yín láìfojú kan ara yín.

Ẹ wo gèètì wa lọ́jọ́ ìbẹ̀wò àwọn òbí. Òbí kan á dé, á pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n á rán ọmọ JSS1 lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, á pariwo títí, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn, torí pé ìnagijẹ nìkan ni gbogbo yàrá mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ náà wà níbẹ̀ o, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Orúkọ méjèèjì ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń wá a kọ́ ni èyí tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìkànnì oníṣòwò ṣe rí: ọjà wà, ẹni tó ń wá a wà, orúkọ ni kò pàdé.

Òfin àkọ́kọ́ nìyí, bí ẹ bá gbàgbé ìyókù ẹ má gbàgbé èyí: orúkọ tó wù ọlọ́jà kọ́ ni ká kọ́kọ́ wá, orúkọ tó wà lẹ́nu ẹni tó ń wá ọjà náà ni.

Ohun tí acha fi hàn wá

Àbúrò ìyá mi ń ta acha nílùú Jos yìí. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìwọ̀-oòrùn, acha ni oúnjẹ oníhóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbìn lórí òkè Plateau wa níbí. Hóró rẹ̀ kéré gan-an, ìrẹsì ju ú lọ fíìfíì. Wọ́n ń fi ṣe tuwo, wọ́n ń fi ṣe kunu, wọ́n sì ń fi se gote pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Owó acha wà lára owó ilé ìwé tèmi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Bí òfin kónílé-ó-gbélé bá dé sí Jos, oníbàárà kì í lè wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń pè láti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun ló ń gbé òwò náà ró nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àǹtí mi fi ní kí wọ́n ṣe ìkànnì fún òun.

Ẹni tó bá wọn ṣe é gba owó rẹ̀, ó ṣe é kó dán, ó wá kọ gàdàgbà sókè pé ibí ni ilé ojúlówó àti ìtẹ́lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ta ló ń jí láàárọ̀ tó ń tẹ "ojúlówó àti ìtẹ́lọ́rùn" sínú Google? Acha gan-an kò sí nínú àkọlé ojú ewé náà. Oṣù ń gorí oṣù, ẹnikẹ́ni ò tibẹ̀ pè.

Nígbà ìsinmi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé kan. Gbogbo ìbéèrè tí àwọn oníbàárà bá bi í, lẹ́nu tàbí lórí WhatsApp, a ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, a kì í tún un ṣe. Nǹkan mẹ́ta ló jáde níbẹ̀.

Èkíní ni orúkọ. Acha là ń pè é níbí. Ṣùgbọ́n ní Senegal, Mali, Guinea, títí dé Tógò àti Benin tó múlé tì wá, níbi tí wọ́n ti ń lo èdè Faransé, fonio ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Nínú àwọn ìwé òyìnbó àtijọ́, ẹ ó rí i pé "hungry rice" ni wọ́n kọ. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, fonio ti borí lókè òkun. Pierre Thiam, alásè ọmọ Senegal tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Yolélé sílẹ̀ ní 2017 láti máa ta á, orúkọ náà ló sì wà lára páálí wọn. Ní December 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á lọ́jà wọn, fonio náà ni wọ́n pè é. Nítorí náà, ẹnìkan ní London lè jẹ ẹ́ láàárọ̀ kó má sì tíì gbọ́ "acha" rí láyé rẹ̀. Bí ojú ewé àǹtí mi bá ń sọ acha nìkan, ará Jos nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. A wá kọ ọ́ pé: "Acha, tí wọ́n tún ń pè ní fonio."

Èkejì ni òṣùwọ̀n. Mudu la fi ń wọn nǹkan lọ́jà Farin Gada. Ẹni tó ń pè láti Ìbàdàn ń béèrè kóńgò, ará òkè òkun ń béèrè kílò. Ọjà kan náà ni, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà béèrè iye rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń bi àǹtí mi kì í ṣe "Èló ni?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: "Ṣé kò ní yanrìn?" Ẹni tó bá ti ń jẹ acha á mọ ìdí rẹ̀. Hóró rẹ̀ kéré débi pé bí wọ́n bá pa á lórí ilẹ̀, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ á dà pọ̀ mọ́ ọn, fífọ̀ rẹ̀ sì ń gba sùúrù. Àǹtí mi ti máa ń fọ tirẹ̀, á sá a gbẹ kó tó dì í. Iṣẹ́ tó ń ṣe jù lọ nìyẹn, kò sì sí gbólóhùn kan lórí ìkànnì rẹ̀ tó sọ ọ́! "Acha tí kò ní yanrìn" ló wá di àkọlé ojú ewé rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì àti lédè Yorùbá.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé àǹtí mi ti di olówó ńlá. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn kan ti ń pè báyìí tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni ní Jos, tí wọ́n sì ń sọ pé orí Google ni àwọn ti rí i. Àwọn bẹ́ẹ̀ kò sí tẹ́lẹ̀.

Oríṣi èèyàn mẹ́ta tó ń wá nǹkan

Ní 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Andrei Broder kọ ìwádìí kan tí àwọn èèyàn ṣì ń lò títí dòní. Ó pín ohun tí àwọn èèyàn ń wá lórí ẹ̀rọ àwárí sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi acha ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn kan ń wá ibì kan pàtó. Wọ́n ti mọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá. Àwọn kejì ń wá ìmọ̀: "Báwo ni wọ́n ṣe ń se tuwo acha?" Àwọn kẹta fẹ́ ṣe nǹkan, wọ́n fẹ́ rà: "Èló ni acha kílò 5 ní Jos?"

Ẹni tó ń wá bí a ṣe ń sè é lè má ní owó lọ́wọ́ lónìí, ẹni tó ń béèrè iye ti múra tán. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kó o tó fún ojú ewé kan lórúkọ, mọ irú àlejò tó o fẹ́ kó wọlé. Ojú ewé kan fún bí a ṣe ń sè é, òmíràn fún iye àti bí a ṣe ń fi ránṣẹ́. Bí o bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, kò ní tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò. Tẹ ọ̀rọ̀ tó o yàn fúnra rẹ, kó o wo ohun tí Google mú jáde. Bí ó bá jẹ́ kìkì ọ̀nà ìsebẹ̀ ló kún ibẹ̀, a jẹ́ pé ìmọ̀ ni àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn ń wá. Má fi ojú ewé ọjà títà síbẹ̀, wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú àti ọ̀rọ̀ gígùn

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ní Jos mọ ohun tí "Irish" jẹ́. Bí wọ́n bá ní kó o lọ ra Irish, ànàmọ́ òyìnbó lo máa rà bọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ "Irish" sínú Google kó o rí i: ará ilẹ̀ Ireland lo máa bá níbẹ̀, èdè wọn, orin wọn àti ijó wọn. "Jos" pàápàá ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin ní Netherlands àti England; Jos Buttler, tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún England, wà lára wọn. "Rayfield" ń jẹ́ orúkọ ìdílé ní Amẹ́ríkà. "Plateau" sì rèé, nínú ìwé Jọ́gíráfì, gbogbo òkè tó tẹ́jú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kárí ayé.

Nítorí náà, bí o bá ń ta ànàmọ́ òyìnbó, má gbára lé "Irish" nìkan. Kọ ọ́ kó yé ẹni tí kò dé Jos rí: ànàmọ́ Irish láti Bokkos, àpò kan, à ń fi ránṣẹ́ láti Jos, Plateau State. Àwọn tó ń tẹ irú gbólóhùn gígùn bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá. Lórí ọ̀rọ̀ kúkúrú, Wikipedia, àwọn ilé ìròyìn àti àwọn ilé ìtajà ńláńlá ló wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré kò lè bá wọn du ipò. Lórí ọ̀rọ̀ gígùn, àyè ṣì wà.

Ẹ má rò pé ohun tí àwọn èèyàn ń wá ti tán nílẹ̀. Google fúnra wọn ti sọ pé nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, nǹkan bí 15 nínú 100 ni wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ aráyé kò yé hun gbólóhùn tuntun.

Ibi tí a ti ń ṣa ọ̀rọ̀ àwárí

1. Ẹnu oníbàárà. Ibẹ̀ ló ṣáájú gbogbo ẹ̀rọ. Kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, má ṣe fi tìrẹ rọ́pò.

2. Àpótí Google. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà á máa parí rẹ̀ fún ọ. Inú ohun tí àwọn èèyàn ti wá rí ló ti ń mú un. Kọ wọ́n sílẹ̀, kó o sì wo ìsàlẹ̀ ojú ewé pẹ̀lú, ìbéèrè tó jọ ọ́ máa ń wà níbẹ̀.

3. Google Trends. Ọ̀fẹ́ ni. Ó lè fi ọ̀rọ̀ méjì wéra láti 2004 títí di òní, kó sì fi hàn ọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń wá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dára láti fi wo acha àti fonio. Ẹ rántí pé iye tó ń fi hàn, láti 0 sí 100, jẹ́ ìfiwéra, kì í ṣe iye èèyàn.

4. Keyword Planner, tó wà nínú Google Ads. Ó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan lóṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíwọ̀n lásán ló sábà ń fún ẹni tí kò bá sanwó ìpolówó.

5. Google Search Console. Lẹ́yìn tí ìkànnì bá ti dúró, òun ló ń fi hàn ọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ. Ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Bí o bá ti ṣa ọ̀rọ̀ bí ogún jọ, bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ọjà mi nìyí lóòótọ́? Ṣé èèyàn ń wá a? Ṣé mo lè bá àwọn tó ti wà níbẹ̀ du ipò? Èyí tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó o mú.

Lẹ́yìn náà, fi í síbi tó yẹ: nínú àkọlé ojú ewé, nínú àdírẹ́sì rẹ̀, nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, àti nínú àlàyé tó wà lẹ́yìn àwòrán, nítorí pé àlàyé yẹn ń ran ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ láti mọ ohun tó wà nínú fọ́tò. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà lójú kan, kí ẹni tó ni ín forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí Google Business Profile, èyí tí wọ́n ń pè ní Google My Business títí di 2021. Òun ló ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù jáde lórí máàpù nígbà tí ẹni tó wà nítòsí bá ń wá irú rẹ̀.

Àmì ohùn ńkọ́?

Ibí yìí ni iṣẹ́ wa wà jù. Bí ẹnìkan bá tẹ "owo" láìsí àmì, kí ló ń wá? Owó tí a ń ná ni? Òwò tí a ń ṣe? Ọwọ́ tí a fi ń jẹun? Ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà? Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Àbí ìlú Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó? Ẹ̀rọ àwárí máa ń gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo mọ èyí tí a ní lọ́kàn.

Ẹ wo aṣọ òkè náà. Àwọn kan ń tẹ aso oke, àwọn kan aso-oke, àwọn mìíràn asoke tàbí ashoke. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí i lórí fóònù, ìyẹn ò sì sọ pé wọn kì í ṣe oníbàárà. Kí wá ni ká ṣe? Ká fi àmì sílẹ̀ pátápátá ni? Rárá o! Bí àmì bá kúrò, ìtumọ̀ á dojú rú. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ inú ojú ewé wà ní Yorùbá tó pé, pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí èyí tí kò ní àmì sì wà nínú àdírẹ́sì ojú ewé, tàbí nínú gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ pé àwọn kan ń kọ ọ́ báyìí. Ìkànnì YorubaName.com, tí onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ rere: orúkọ tó ní àmì kíkún ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ń rí i. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn: o gba àlejò bó ṣe dé, o sì kọ́ ọ ní ohun tó tọ́.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ẹgbẹ́ wa: lẹ́tà kan náà tí a rí lójú, irú bí ọ́, kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ ká máa lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó bá Unicode mu. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tó kàn ń yí àwòrán lẹ́tà padà kò dára, ọ̀rọ̀ tí a fi wọ́n tẹ̀ lè dára lójú kó má sì ṣeé wá rí.

Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n àrékérekè

Àwọn kan á ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ kan pè ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lójú ewé kan, tàbí kí ẹ fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ sórí funfun kí èèyàn má rí i. Google ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ìwà ìbàjẹ́, ó sì lè ti ìkànnì náà sísàlẹ̀ tàbí kó yọ ọ́ kúrò pátápátá. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ sínú àyè ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní meta keywords. Láti 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wo ibẹ̀ fún ipò mọ́. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, ẹ dá a dúró.

Èyí tó burú jù ni irọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ń wá oúnjẹ tó lè bá wọn lára mu, àwọn kan nínú wọn sì ń ra acha. Ẹnìkan gba àǹtí mi nímọ̀ràn pé kó kọ "acha tó ń wo àtọ̀gbẹ" sí ìkànnì rẹ̀, pé èrò á wọ́ wá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wọ́ wá lóòótọ́. Àǹtí mi kọ̀. Ó ní ìyá òun náà ní àìsàn yẹn, dókítà ló ń tọ́jú wọn, kì í ṣe ọlọ́jà, àti pé bí ẹnìkan bá tìtorí ọ̀rọ̀ òun pa oògùn rẹ̀ tì, kí lòun fẹ́ sọ? Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ọ̀rọ̀ àwárí jẹ́ ìlérí. Bí oníbàárà bá ké, tó o dáhùn, ohun tó pè gan-an ni kó bá lọ́wọ́ rẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Iṣẹ́ yìí kò gba fóònù, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọjà kan tí wọ́n ń tà nílé wọn tàbí ládùúgbò wọn. Kọ orúkọ tí ẹ̀yin ń pè é. Lẹ́yìn náà, bi èèyàn márùn-ún, ó kéré tán kí ẹnìkan má jẹ́ ọmọ Yorùbá, kí ẹnìkan sì wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn: "Bí o bá fẹ́ ra nǹkan yìí, kí lo máa tẹ̀?" Kọ ìdáhùn wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tí yàrá kọ̀ǹpútà bá ṣí, a ó jọ tẹ̀ wọ́n wò, a ó sì rí èyí tó ń mú ọjà jáde àti èyí tó ń mú nǹkan mìíràn wá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọjà tiyín nílé, bí ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ohun tí à ń wá, kí ohun rere tó ń wá wa náà sì mọ orúkọ wa.